Ọkọ̀ Tó Ń Dọ̀bálẹ̀

Mo ń dúró de géètì mi ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan ní Iléṣà, nígbà tí ọkùnrin kan gbé pikọ́ọ̀pù dé, ó ní kí ọ̀gá tú jáàkì tó ṣe sábẹ́ rẹ̀, kí ó dá sípíríǹgì rẹ̀ àtijọ́ padà.

"Kí ló ṣe é?" ni wẹ́dà bi í. "Jáàkì típà àlòkù la lò, pọ́ǹpù tá a ṣà nínú irin àlòkù, síbẹ̀ imú ọkọ̀ ń lọ sílẹ̀ ó ń lọ sókè bó o ṣe fẹ́."

"Kò ṣe nǹkan kan, ọ̀gá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ parí rẹ̀ ni mo gbé e lọ fi han bàámi ní Ifẹ̀wàrà. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ sì dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn. Èmi ò sọ̀ kalẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín nídìí ọkọ̀."

"Àwọn ńkọ́?"

"Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, 'Mọ́tò ti kí mi. Ọmọ mi ńkọ́?' Mo ṣebí àwàdà ni. Mo fọn fèrè, mo wakọ̀ lọ."

Wẹ́dà nawọ́ mú sípánà. "O ò padà lọ kí wọn?"

"Mo padà. Sàréè ni mo dọ̀bálẹ̀ fún."