Kànìnkànìn Lórí Corolla Mi

Màmá Káyọ̀, ẹ má kí mi o! Ẹ má sọ ẹ káàárọ̀ kankan fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù yìí lónìí, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ ẹni tó ní kí ẹ ta kànìnkànìn fún ìyá ìyàwó mi. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ bọ́ síta kí ẹ wá wo bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla mi. Ó ti kọlà! Ọkọ̀ Japan, tó ń gbé Thamesmead nílùú òyìnbó níbí, ó kọ gọ̀ǹbọ́ bí ẹni tí wọ́n bí l'Ọ̀yọ́!

Ẹ sáà mọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe rí tẹ́lẹ̀. Pupa tó ti ṣá, ìgbẹ́ ẹyẹ lórí, eruku àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ní Woolwich níbí lára. Ọmọ mi Sakeenah wá ní, "Daddy, ọkọ̀ yìí náà ló máa gbé mi lọ síbi yìgì mi ní Sátidé?" Ó dùn mí wọra. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí! Mo lọ bá ẹnì kan tó ń kun ọkọ̀ lọ́dà ní Belvedere, owó tó pè ju èyí tí mo fi ra ọkọ̀ lọ. Mo ní kò burú, ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Màmá Káyọ̀, mo ṣiṣẹ́! Mo fọ̀ ọ́, mo fi ọ̀dà inú ìgò kékeré, bíi ti èékánná obìnrin, dí gbogbo ibi tó ti họ, mo fi ìpara tó ń bó ọ̀dà tó ti kú ra á lára díẹ̀díẹ̀, mo wá fi pọ́líìṣì dán an, aṣọ tó rọ̀ bíi ti ìkókó ni mo fi ń nù ún. Apá mi fẹ́ẹ̀ já! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo parí, mo rí irùngbọ̀n ara mi nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ezekiel aládùúgbò wa ní ṣé mo ra tuntun ni.

Mo sùn bí ọba. Mo jí, mo bọ́ síta, kí ni mo rí? Ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n tìtorí yìgì wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ti so ìró mọ́ àyà, ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn yín lọ́wọ́, wọ́n ń họ ọkọ̀ mi bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò! "Ọkọ ọmọ mi, o ti ṣiṣẹ́ jù, mo ní kí n bá ọ parí ẹ̀."

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Àna mi ni! Wallahi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi ọṣẹ, mo ní, "Mummy, ẹ ṣé gan-an, ó mà dán o!" Ẹnu mi ló kó bá mi. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ní láàárọ̀ Sátidé gan-an làwọn máa fọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó kù, kànìnkànìn tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ làwọn máa rà. Ẹ ò rí ayé mi?

Pọ́líìṣì mi ṣì ṣẹ́ kù, mo ṣì lè fi pa ilà yẹn rẹ́ díẹ̀. Ohun tí mo bá wá nìyí: ẹ kó gbogbo kànìnkànìn ibí yìí sábẹ́ àpò gààrí. Tí wọ́n bá dé, ẹ ní ó ti tán. Ẹ ní ìjọba ti fòfin dè é! Kí lẹ ń ṣẹ́jú sí mi fún? Ta ló wà lẹ́yìn mi?

Háà! Mummy! Ẹ káàárọ̀ mà! Ẹ̀yin nìkan lẹ wọ bọ́ọ̀sì wá? Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn yín yẹn? Torí ọkọ̀ mi? Hùn.

Màmá Káyọ̀, ẹ yé wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ fún wọn. Ẹ fún wọn ní méjì, èyí tó le jù. Há-há-há! Ọkọ̀ tó kọlà ló máa gbé ọmọ mi lọ ní Sátidé, kò sì sẹ́ni tó máa bi wá níbi tí a ti wá!