Mo Rí Àlèébù Eré Ogun Bọ̀dá Délé, Mo sì Dákẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, mi ò mọ̀ yín, ẹ̀yin náà ò sì mọ̀ mí. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti ń gbé nǹkan yìí kiri. Mi ò sọ fún ìyàwó mi, mi ò sọ fún ìmáàmù wa. Ǹ bá máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn Kérésìmesì yìí, ẹni tí mo ṣẹ̀ fẹ́ ta oko bàbá rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Káfíńtà ni mí, ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa pe ẹni náà ní Bọ̀dá Délé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ó jù mí lọ dáadáa. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe, ó máa ń ya àwòrán ilẹ̀ àti ojú ọ̀nà. Onígbàgbọ́ ni, mùsùlùmí lèmi, àmọ́ kò sí Iléyá kan tí ẹran mi ò dé ilé rẹ̀.

Eré ló so wá pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Délé máa ń ṣe eré ogun tí wọ́n ń ta lórí tábìlì. Ó ya Ọ̀wọ̀ sórí pátákó ńlá kan: ààfin, àwọn òkè, ọ̀nà Ìdásẹ̀n, títí dé odò Ọ̀sẹ̀. Ẹnì kan á máa darí àwọn ọmọ ogun ìlú, ẹnì kejì á máa darí àwọn àjèjì tó fẹ́ wá gba ààfin. Ẹ ó ju dáìsì, iye tó bá yọ ni ọmọ ogun yín á fi rìn. Òun ló ro ogun náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìtàn tó ṣẹlẹ̀ rí.

Èmi ni mo gbẹ́ gbogbo àwọn ọmọ ogun yẹn, láti ara àjẹkù igi ṣọ́ọ̀bù mi. Àgbàlagbà méjì á jókòó, wọ́n á máa jágbe mọ́ra wọn nítorí igi. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ọkọ kan lòun fẹ́, ọ̀gágun méjì lòun wá ń bọ́.

Tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú, Bọ̀dá Délé á gbé àga síta, á máa to ètò ọdún tó ń bọ̀ fún wa. Èyí tó tò lọ́jọ́ kan, ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, dùn ún gbọ́. Kí oṣù kìíní tó parí, òfin eré náà á ti pé. Kí Àjíǹde tó dé, á gbé e lọ sí Ùtẹ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣe tíṣà, kí àwọn ọmọ ilé ìwé ta á wò. Tí òjò bá dá, ó di Ìbàdàn, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tà. Wọ́n ti ní kó wá. Tí wọ́n bá gbà á, á fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, á máa ṣe eré tuntun lọ́dọọdún.

Ọjọ́ yẹn náà ló fi àwòrán páálí tí wọ́n máa kó eré náà sí hàn mí. Orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó tóbi. Mo wá tèmi, mi ò rí i. Mo fi ṣe àwàdà, mo ní, "Bọ̀dá, èmi ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Igi lo bá mi gbẹ́, àbúrò."

Kò ní ibi nínú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Àmọ́ ó dùn mí. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo lọ sílé, mi ò sì lè jẹun. Mo bínú sí i, mo sì jowú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mò ń sọ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí lè má mọ̀ pé tí ọdún Igogo bá dé ní Ọ̀wọ̀, a kì í lu ìlù, a kì í yìnbọn, ọkùnrin kì í dé fìlà. Bọ̀dá Délé fi èyí sínú eré rẹ̀. Tí ẹ bá ti ta lẹ́ẹ̀kan, oṣù kan ti kọjá nínú eré náà nìyẹn. Tó bá kan oṣù Igogo, àwọn ọmọ ogun Ọ̀wọ̀ ò gbọdọ̀ yìnbọn. Gbogbo wa fẹ́ràn ibẹ̀. A ta eré yẹn títí, àwọn ọmọ Ùtẹ̀ náà ta á, kò sì sí ẹni tó kọlu ìlú nígbà Igogo. Kò sí òfin tó ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò kàn wá sí wa lọ́kàn ni. Ta ló máa gbógun wọ̀lú nígbà Igogo?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń dúró dè é nílé rẹ̀, èmi nìkan, eré náà wà lórí tábìlì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta apá méjèèjì. Nígbà tó kan Igogo, mo fi ọ̀dájú ṣe é, mo kó gbogbo àwọn àjèjì lọ sí ààfin. Wọ́n wọlé wẹ́rẹ́. Mo tún un ta, wọ́n tún wọlé. Eré tí ọkùnrin yẹn ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí, ibi kan ṣoṣo ló ti bàjẹ́, gbólóhùn kan péré nínú òfin ló sì máa tún un ṣe.

Mo gbọ́ ìró Vẹ́sípà rẹ̀. Mo dá gbogbo ọmọ ogun padà sáyè wọn.

Ó béèrè lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ lọ sí Ìbàdàn. Ó ní, "Ṣé o ti gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tí èèyàn fi lè bà á jẹ́?" Mo ní mo ti gbìyànjú ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tún pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Ṣé wọn ò ní dójú tì í?" Mo ní, "Rárá, mà. Ó dáa." Mo rò pé wọ́n kàn máa ní kó tún un ṣe díẹ̀ ni. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ó ṣì nílò mi. Mi ò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dárí jì mí.

Ní Ìbàdàn, ọkùnrin kan tí kò gbọ́ nípa Igogo rí ka òfin náà, ó ní, "Ṣé oṣù yìí, wọn ò lè yìnbọn?" Ó kó ọmọ ogun rẹ̀ wọ ààfin. Eré parí kí wọ́n tó mu mínírà tí wọ́n gbé fún wọn tán. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dá pátákó rẹ̀ padà fún un.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Àbúrò, ojú tì mí. Má dá ara rẹ lẹ́bi o. Ọma Ọ̀ghọ̀ wo, ọmọ Ọ̀wọ̀ wo, ló máa rò ó? Èmi tí mo ṣe é ló yẹ kó rí i." Mo tẹjú mọ́ igi tí mò ń fá, mi ò lè wò ó lójú.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká fi gbólóhùn kan tún un ṣe. Ó ní, tóun ò bá rí èyí, mélòó ni ìyókù tóun ò rí? Ó kó àwọn ọmọ ogun náà fún àwọn ọmọ àdúgbò. Láti ìgbà náà, tí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń bi í pé kí ni ètò ọdún tó ń bọ̀. Á ní kóun ṣáà jí láàyè. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sì gbádùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ wá gbọ́ o. Lọ́dún tó ń parí lọ yìí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbé eré tuntun wá bá mi, ti àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà láti Ìdógún títí dé Ọ̀wọ̀. Ó ní, "Ojú mi ò dá mi lójú mọ́. Tìẹ ni mo gbọ́kàn lé."

Gbogbo àsìkò òjò ni mo fi ta eré yẹn. Mo wá gbogbo ọ̀nà láti bà á jẹ́, mo hùwà ọ̀dájú, mo ṣe ohun tí ọmọlúàbí ò ní ṣe níbẹ̀. Mi ò rí àlèébù kankan. Eré náà dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ètò rẹ̀ fún ọdún 2000 ni pé òun á fi ọwọ́ ara òun tẹ̀ ẹ́, kò ní bẹ ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn mọ́. Ohun tó fẹ́ fi ṣe é ni oko kòkó bàbá rẹ̀ ní Ìdásẹ̀n. Ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì. Bọ̀dá Délé ní lójú ẹbí lòun máa ti bi mí, ohun tí mo bá sì sọ labẹ́ gé.

Ìyàwó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù lánàá. Ó ti darúgbó. Ó ní, "Oko yẹn nìkan ló kù fún àwọn ọma. Àmọ́ tó o bá ní ó dáa, mi ò ní jà. O ò tàn wá jẹ rí." Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi. Mo ní igi ta sí mi lójú.

Eré náà dáa. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run búra fún yín, ó dáa. Àmọ́ tí mo bá jẹ́wọ́ fún un lónìí, kò ní gba ohunkóhun gbọ́ lẹ́nu mi mọ́, á sì kó èyí náà dà nù, bóyá títí tó fi máa kú. Tí mi ò bá sì jẹ́wọ́, á ta oko àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti purọ́ fún un rí, kò sì ní mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ bá mi dá sí i. Nínú méjèèjì, èwo ni mo lè ṣe fún ọkùnrin yìí tí kò ní jẹ́ pé mo tún ba ayé rẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì?