Ìdánwò Kan Tó Ṣubú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí í rí ohun tí a ṣe, tí í sì rí ohun tí a kàn sọ pé a ṣe. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa olóòótọ́. Ẹ̀yin jámọ́ọ̀, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin baba, àti ẹ̀yin aládùúgbò wa tí ẹ kì í ṣe mùsùlùmí tí ẹ wá bá wa jókòó lábẹ́ àtíbàbà yìí, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tòní, ẹ̀rí jíjẹ́ ni. Ohun tí ojú rẹ kò bá rí, má fi ẹnu rẹ jẹ́rìí sí i. Ó tán. Àmọ́ bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, ẹ ó ní ẹnu ti ń rẹ màmá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn gbè é lẹ́sẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Ìlọrin, Súwébátù lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Mo rí ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ń mi orí. Ẹ fara balẹ̀. Èmi tí n kò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹta, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló là á yé mi, inú mi sì dùn débi tí mo fi ní dandan ni kí ó yé ẹ̀yin náà.

Kọ̀ǹpútà, irin lásán ni. Ètò kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń darí rẹ̀, tó ń wí fún un pé dìde, jókòó, ka aago, sinmi. Ètò adarí yẹn ni ilé-iṣẹ́ Súwébátù ń ṣe. Inú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni wọ́n ń fi í sí, ẹ̀rọ kékeré tí í kán oògùn sí ara aláìsàn ní wákàtí wákàtí. Àmọ́ wọn kì í dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣé ẹni tó ń kọ́lé ló tún ń rọ ìṣó ni? Wọ́n ń gba apá kan lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn lókèèrè, níbi tí iṣẹ́ náà ti ń ṣàn wá bí odò láti orísun. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní ará orísun. Ará orísun ló ṣe apá tó ń ka aago.

Àwọn ará orísun yìí ní ìwà kan tí mo fẹ́ràn. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe kan lónìí, wọn kì í kàn tún un ṣe kí wọ́n gbàgbé. Wọ́n á kọ ìdánwò kékeré kan dè é, kó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí àṣìṣe náà bá yọ́ padà wá, ẹnu ọ̀nà ni wọn yóò ti mú un. Ṣebí wọ́n ti kọ́ wa pé ohun olóró kì í ta mùmíní òdodo lẹ́ẹ̀mejì láti inú ihò kan náà? Àwọn wọ̀nyí ń fi ìṣe ṣe é. Wọ́n wá fi apá aago tuntun ránṣẹ́, ìdánwò mẹ́tàdínlógójì tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá Múftáù, tó ni ilé-iṣẹ́, pe Súwébátù. "Súwébá, kó ìdánwò àwọn ará orísun mọ́ tiwa. Ọjọ́ Ajé ni Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn ń bọ̀ wá gba ẹ̀rọ. Mo fẹ́ kí gbogbo ojú pátákó máa tàn bí ewé."

Ṣé ó yé yín? Pátákó kan wà lára ògiri wọn. Ìdánwò tó bá yege á tàn bí ewé, èyí tó bá ṣubú á pọ́n bí ata.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ wò wọ́n."

"Kí lo fẹ́ wò? Àwọn tó kọ ọ́ ti wò ó."

Súwébátù kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Ó tẹ bọ́tìnì. Kò pẹ́, pátákó tàn bí ewé láti òkè délẹ̀. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Àsìkò ìrun Àsárì ti tó, Súwébátù mú kẹ́tùrù, ó fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Nǹkan kan ń gún un lọ́kàn. Ìdánwò tiwọn àtijọ́, bí ìgbà téèyàn kírun rákà mẹ́rin ni í pẹ́ tó. Wọ́n ti da mẹ́tàdínlógójì lé e, bí ìgbà rákà mẹ́rin náà ló ṣì pẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ dá mi lóhùn. Bí ẹ bá da kóńgò ẹ̀wà kan kún èyí tó wà lórí iná, tí omi kò dín, tí àsìkò kò lé, kí lẹ ó sọ? Ẹ ó ní ẹ̀wà yẹn kò wọ inú ìkòkò.

Súwébátù gbé kẹ́tùrù sílẹ̀, ó lọ ṣí ìkòkò wò. Àṣà ilé-iṣẹ́ wọn ni pé ìdánwò kọ̀ọ̀kan máa ń fi orúkọ ilé bẹ̀rẹ̀, àwọn tó bá ní orúkọ yẹn nìkan ni ẹ̀rọ ń pè. Tàwọn ará orísun, orúkọ tiwọn ni wọ́n jẹ́. Ẹ̀rọ kò pe ẹyọ kan nínú wọn. Pátákó ní tirẹ̀, ohun tí kò bá ti ké pé òun ṣubú, ó yege lójú rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, jámọ́ọ̀: ìrun tí a kò ṣe àlùwàlá sí, tí a kò tilẹ̀ dúró kí, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà.

Ó kọ́ ẹ̀rọ ní orúkọ àwọn àlejò náà, ó sì tún un tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó pẹ́. Wọ́n ń tàn bí ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀kan fi pọ́n. Ìbéèrè tí ìdánwò yẹn ń bi ẹ̀rọ ni pé, bí iná bá lọ tó sì dé, ṣé wàá mọ aago tó lù? Aago náà padà sẹ́yìn wákàtí kan. Oògùn tí ẹ̀rọ ti kán, yóò rò pé òun kò tíì kán an. Yóò tún un kán.

Ó lọ bá Ọ̀gá.

"Ọ̀kan péré nínú mẹ́tàdínlógójì," ni Ọ̀gá wí. "Ọmọ tó gba mẹ́rìndínlógójì, ṣé olódo ni wọ́n ń pè é?"

"Kì í ṣe ọmọ iléèwé, Ọ̀gá. Oògùn ni."

"Fi í sí àárín àwọn tí a kì í pè. Ìdánwò àwọn tó wà lókèèrè ni, wọn ò mọ ilẹ̀ wa."

"Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, Ọ̀gá, ta ló mọ̀ ọ́n jù wá lọ?"

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. "Bí pátákó yẹn bá pọ́n lójú Mátírọ́ọ̀nù, wá ibòmíràn jókòó sí."

Súwébátù lọ kírun. Ní rákà kejì, ó gbàgbé ibi tó dé. Ọmọ méjì ló ń fi iṣẹ́ yẹn bọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tirẹ̀ ni. Bó bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí yìí, èwo lẹ ó mú? Ẹ má tètè dáhùn. Ẹni tí kò sí nínú fìtínà ni ọ̀rọ̀ máa ń rọrùn lẹ́nu.

Ó di ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ìdánwò pupa yẹn, pátákó tàn bí ewé. Mátírọ́ọ̀nù Ùmúánì wọlé, obìnrin gíga tí kì í pariwo. Ó wo pátákó, ó wo Ọ̀gá. "Gbogbo rẹ̀ ló yege?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá, Màmá."

Ó yíjú sí Súwébátù. "Ìwọ lo ṣe ìdánwò. Ṣé o jẹ́rìí?"

Súwébátù ní, "Mẹ́tàdínlógójì ni, Màmá. Mẹ́rìndínlógójì yege. Ọ̀kan ṣubú."

Ọ̀gá ní, "Kò mọ ohun tó ń sọ." Súwébátù kò bá a jiyàn. Ó gbé ẹ̀rọ kan sórí tábìlì, ó fi omi lásán sí i, ó gbé ife sí ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rọ kán omi wákàtí yẹn tán, ó dákẹ́. Súwébátù fa wáyà iná yọ. Ó tún fi wáyà náà sí iná padà. Ẹ̀rọ jí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán omi sínú ife kan náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rere.

Mátírọ́ọ̀nù ń wo ife náà. "Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta," ló wí. "Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ lọ so èyí mọ́ lára lónìí."

Ó mú báàgì rẹ̀. "Ẹ tún un ṣe. Mo ní sùúrù. Àmọ́ bí mo bá padà dé tí n kò bá ọmọbìnrin yìí níbí, mi ò ní jókòó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ibi tí àìsàn wà. Apá aago táwọn ará orísun fi ránṣẹ́, kò lábùkù. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀gá Múftáù fúnra wọn ló gé ìlà kan kúrò nínú ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè tètè jí. Ìlà yẹn ló ń bá aago rántí wákàtí tó lù. Súwébátù dá a padà títí ìdánwò pupa náà fi yege, ó sì kọ ìdánwò tuntun kan, pé kí iná lọ kó sì dé lẹ́ẹ̀mẹwàá léraléra bó ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Ó fi í ránṣẹ́ sí ará orísun, wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì fi kún tiwọn. Gbogbo ẹni tó bá ń bu omi níbẹ̀ ń jàǹfààní rẹ̀. Sàráà tí kì í tán nìyẹn.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Mátírọ́ọ̀nù padà dé. Ọ̀gá Múftáù fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé ẹ̀rí sí i, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, ó ti buwọ́ lù ú. Mátírọ́ọ̀nù kò gbà á. Ó ní, "Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó yege?"

Ọ̀gá wolẹ̀. Ó fa ìwé ẹ̀rí mìíràn tí ẹnì kankan kò tíì buwọ́ lù yọ, ó gbé e síwájú Súwébátù, ó sì fún un ní bírò ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ rí i? Ó ni ilé, ó ni àga, ó ni òǹtẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rí rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Ìwọ tí wọ́n bi pé ṣé o ti bẹ ìyá rẹ wò, tí o ní o ti bẹ̀ ẹ́ wò nítorí pé kò ké sí ọ. Ìwọ afáà tó ní ọmọ kéwú ti mọ súrà tí ìwọ kò gbọ́ kó ké e rí, ìwọ ni mo ń bá wí, èmi náà sì wà níbẹ̀. Àìgbọ́ ariwo kì í ṣe àlàáfíà. Lọ wò ó kí o tó sọ ọ́.

Ọlọ́hun, Ìwọ Ẹlẹ́rìí tí kì í sùn, fún wa ní ojú tó ń wò dáadáa àti ẹnu tí kì í sáré ṣáájú ojú. Ẹni tó bá sọ òótọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ bọ́, má jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sùn lébi. Ẹni tó ti jẹ́rìí èké láàárín wa, jẹ́ kó tọrọ àforíjìn kó tó di pé ó ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe. Má fi amáánà, ẹrù ìfọkàntán, tó ju agbára wa lọ sí wa lọ́wọ́. Èyí tó sì ti wà lọ́wọ́ wa, fi Ọ̀nà Rẹ tó tọ́ hàn wá lórí rẹ̀. Àmín.