Kóró Dúdú Ọrùn Kọ́kọ́rọ́

Èmi! Èmi Mùílì tí mo ti ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu Ọjà Akẹ̀sán láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì hù, èmi ni wọ́n ń pè lólè! Rárá o, Bàbá Alága, ẹ má ní kí n jókòó, n ò jókòó. Ta ni yóò jókòó nígbà tí fáìsì rẹ̀, fáìlì rẹ̀ àti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín? Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí ẹgbẹ́ ti kó irinṣẹ́ mi. Bí oníbàárà bá dé, màá ní ọwọ́ ló ń dùn mí. Ọwọ́ wo? Irọ́ gbuu, lẹ́nu àwẹ̀!

Omi kẹ̀? Ẹ ṣeun, ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì, mo ní àwẹ̀ ni mo wà. Ẹ ṣáà jẹ́ n sọ tẹnu mi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin lẹ lòwe.

Ṣé ẹ mọ Ọlọ́runnísọ̀lá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, tó ti Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ gbọọrọ dé, èyí tí imú rẹ̀ máa ń délé kí ìdí rẹ̀ tó kúrò lọ́jà? Ó wá kí àwọn àna rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò pẹ́, ó sáré dé ọ̀dọ̀ mi, òógùn bò ó, ó ní jáwójáwó já kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ òun gbà ní Akẹ̀sán. Àánú rẹ̀ ṣe mí! Mo ní, "Ọ̀gá, báwo ni kọ́kọ́rọ́ náà ṣe rí? Ṣé nǹkan kan wà lára rẹ̀ tó yàtọ̀?" Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ ni, kọ́kọ́rọ́ ṣáà ni. Ṣé o lè gé e àbí o ò lè gé e?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún mẹ́wàá ju ọmọ náà lọ o, Bàbá.

Mo gbé àpótí, mo tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀. Mo mú kọ́kọ́rọ́ aláìléyín, mo fi èéfín àtùpà kùn ún, mo tì í bọ ojú ihò, mo yí i jẹ́jẹ́, mo yọ ọ́, ibi tí irin bá ti ha èéfín náà ni mo ń rẹ́. Láti ìyálẹ̀ta títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì! Ilẹ̀kùn ṣí, sítíárìn yí, iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn yòò. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ó pé, kò lábùkù! Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Kò tilẹ̀ wúkọ́. Ó ní, "O ti ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mi jẹ́!" Ó já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ mi, ó ń yí i, ó ń yí i, ó tó ìgbà ogún, ọkọ̀ ò dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì ó ní ìkejì kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyá òun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá a wọ mọ́tò lọ, nítorí mo fẹ́ rí ohun tó dójú ti iṣẹ́ mi. Ìyá tú ìdí aṣọ, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ jáde. Háà! Ihò gbàgà ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ihò kí rèé?" Wọ́n ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ o. Nǹkan dúdú kan bí kóró ìbẹ́pẹ ni wọ́n kì síbẹ̀ bí oǹdè. Mo ní ta ló fẹ́ fi ọkọ̀ pa ọmọ mi? Mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, mo jù ú sí ṣáláńgá, mo sì ka Sáàmù lé e." Bàbá, ọmọ Amẹ́ríkà ká ọwọ́ lérí!

Ibẹ̀ ló ti wá jẹ́wọ́. Kóró yẹn gan-an ni ọlọ́pàá ọkọ̀ náà. Iná bátìrì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìwọ̀n iná tó bá jáde ni ọkọ̀ fi ń mọ olówó rẹ̀. Bí eyín kọ́kọ́rọ́ bá bá a mu tí kóró ò sí níbẹ̀, olè ni, ọkọ̀ á takú, ẹ ó sì fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan kí inú rẹ̀ tó rọ̀. Òun tó mọ gbogbo èyí ló dúró tó ń yí i nígbà ogún! Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹ gbọ́ èsì o. Ó ní àṣírí ni, pé bí òun bá sọ fún irú mi, mo lè fi kọ́ àwọn olè. Irú mi! Ẹni tó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù tó ní kí dókítà má wò ó lẹ́nu!

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò purọ́. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Ọ̀yọ́ ni mo ń rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ló kọ́kọ́ gbà, ó ní èmi ni mo rán jáwójáwó sí òun kí n lè ríṣẹ́ ṣe. Ẹ̀yin náà sì rán ènìyàn wá kó irinṣẹ́ mi! Òfin ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ni, mo mọ̀, ẹni tí wọ́n bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ títí ẹjọ́ á fi parí. Lọ́jọ́ tí a ń ṣòfin yẹn, ṣebí èmi ni mo nawọ́ sókè jù!

Ó dùn mí, Bàbá. Ọmọ mi Bushrah sunkún dé láti ilé ìwé lánàá, wọ́n ń pè é lọ́mọ olè. Ta ni yóò tún gbé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ fún mi? Bí wọ́n bá pe aránṣọ lólè, á ṣì máa rí aṣọ rán. Bí wọ́n bá pe oníkọ́kọ́rọ́ lólè, ó parí.

Rárá, mi ò tíì ṣetán, kókó ọ̀rọ̀ ló kù. Láàárọ̀ yìí ni Àmọ̀kẹ́ wá, ìyálé nílé àwọn àna Ọlọ́runnísọ̀lá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ mọ̀ pé bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú báyìí, wọ́n máa ń kó ẹrẹ̀ inú kànga. Wọ́n kó o lánàá. Ẹ wo nǹkan tó bá ẹrẹ̀ jáde! Àmọ̀kẹ́ ní lọ́jọ́ náà, àna àwọn fara ti ẹnu kànga, ó ń ròyìn Amẹ́ríkà, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ yí bírípó lórí ìka, àwọn kàn gbọ́ jàbú! Àwọn ní kí ló já? Ó ní, "Òkúta ni, Ìyá." Òkúta! Ojú ń tì í láti sọ fún àwọn àna, ó wá fi èmi di ihò ìtìjú rẹ̀!

Òun rèé. Ẹrẹ̀ ṣì wà léyín rẹ̀, kóró dúdú sì wà lọ́rùn rẹ̀ digbí. Ẹ má fọwọ́ kàn án, Bàbá, ẹ fojú wò ó.

Kí lẹ ń wo kọ́tìnnì fún? Ẹ̀n-ẹ́n? Ó wà níbẹ̀? Ó ti ń gbọ́ mi bọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan? Ó mà dára o! Ọ̀gá Amẹ́ríkà, ẹ kú ìfarapamọ́! Owó yín kọ́ ni mò ń fẹ́. Ẹ jáde wá, ẹ fa àpótí mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá, ẹ gbé e rù, ẹ̀yin fúnra yín, ẹ rù ú láti ibí dé Akẹ̀sán, kí ẹ sì kéde lójú gbogbo ọjà pé Mùílì kì í ṣe olè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo mọ ọ̀nà kànga. Bí wọ́n bá sì gbọ́ jàbú, màá ní òkúta ni.