Wáìnì Tí Mo Gbé fún Bàbá Atukọ̀

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń kọ ọ́, mi ò sì mọ òwúrọ̀ tí wọ́n máa pe orúkọ mi.

Obì ni ìyá mi ń tà ní Ọ̀fin, ní Ṣàgámù. Láti kékeré ni mo ti lè dijú, kí n gé obì jẹ, kí n sì sọ èyí tó ti pẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀. Ahọ́n yìí ló gbé mi dé ilé Bàbá Atukọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ni Bàbá ń wà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n fẹ́ràn wáìnì pupa ilẹ̀ Faransé: wáìnì oko kan náà, tí wọ́n ṣe ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n gbà mí láti máa bá wọn tọ́ ọ wò. Inú bí ìyá mi.

"Ìwọ ọmọ mùsùlùmí! Ahọ́n tí mo fi obì kọ́, ọtí lo fẹ́ máa fi tọ́ wò?"

Mo ní iṣẹ́ ni.

Bàbá á fi bébà wé àwọn ìgò, kí n má bàa rí ọdún tí wọ́n kọ sí wọn lára, wọ́n á bu díẹ̀díẹ̀ sínú ife, wọ́n á ní, "Èwo ló dàgbà jù?" Wọ́n kọ́ mi pé èyí tó ṣì kéré máa ń fún ahọ́n pọ̀, èyí tó ti gbó máa ń rọ̀, á máa ta sánsán bí ewé gbígbẹ lẹ́yìn òjò. Bàbá ò bímọ. "Ọmọ mi" ni wọ́n ń pè mí.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá wá dán mi wò. Ẹ̀rù bà mí pé mo lè ṣì í. Mo yọ́ tú bébà wò. Mo mọ gbogbo rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Wálé, awakọ̀ Bàbá, rí mi nígbà tí mo ń tú bébà. Inú abọ́ kan náà la ti jọ ń jẹun. Kò fi mí sùn. Ó kàn ní, "Bó o ṣe tan àwọn yẹn, ta ni o ò lè tàn?"

Ojú Bàbá ti ń di bàìbàì. Èmi ni mo ń ka ọdún ara ìgò fún wọn. A bẹ̀rẹ̀ sí í jí èyí tó ti pẹ́, tó gbówó lórí, tà, a ń fi tuntun dípò rẹ̀. Nígbà tó yá, Bàbá ní àwọn ọ̀rẹ́ àwọn ń bọ̀ ní Sátidé, pé wáìnì gbogbo ọdún náà ni àwọn máa tọ́ wò. Mo mọ̀ pé àṣírí wa máa tú. Wálé mú oògùn lẹ́búlẹ́bú kan wá.

"Oògùn oorun ni. A ó ní ara wọn ò yá, àwọn àlejò á sì padà."

"Kò ní pa wọ́n?"

"Mo fi ọmọ mi búra."

Ní ọ̀sán Sátidé náà, kí àlejò tó dé, mo da oògùn náà sínú ife wáìnì, mo gbé e fún Bàbá. Wọ́n tọ́ ọ wò.

"Ọmọ mi, nǹkan kan wà nínú wáìnì yìí."

Mo ní, "Bí ti ọdún yẹn ṣe rí nìyẹn, sà. Òjò ló pọ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ahọ́n tèmi ti darúgbó. Tìẹ ni mo gbà gbọ́." Wọ́n mu ún tán. Ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú títí ẹ̀mí fi bọ́.

Ní kóòtù ni mo ti gbọ́ pé oògùn eku ni. Wálé búra pé èmi ni mo rán òun lọ rà á. Kò wojú mi. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń ronú pé bí irọ́ rẹ̀ ṣe dùn mí ni tèmi ì bá ṣe dun Bàbá náà, ká ní wọ́n ráyè mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sá fún ọ̀rẹ́ tó rí àṣìṣe yín tí kò bá yín wí. Bí ẹ bá ti purọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn yín, ẹ lọ jẹ́wọ́ lónìí. Yóò bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹni tó ń bínú ṣì wà láàyè.