Lẹ́tà Kékeré Láti Koko

Owó táksí tí mo san láti Bantè sí Savalou ní Ọjọ́bọ̀ ì bá bọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí nọ́ọ̀sì kan láti Koko jókòó lẹ́yìn mi pẹ̀lú tíṣà tó so rédíò tí ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wọn.

“Tíṣà, ẹ ní lẹ́tà á dé Savalou bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tilẹ̀ kú. Lọ́jọ́ yẹn, obìnrin ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ ń dà, lẹ́tà mi ò lọ!”

“Mo ti ka lẹ́tà yẹn, Màmá. Inú rẹ̀ lẹ ti kí dókítà Savalou, ẹ kí ìyàwó rẹ̀, ẹ tún kí wọn kú òjò. Díẹ̀díẹ̀ ni rédíò ń gbé ọ̀rọ̀. Ẹ ò tíì kí wọn tán tí bátìrì fi kú.”

“Ṣé kí n má kí àgbà ni?”

“Ẹ kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀jẹ̀ ná!”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. “Mo yọ bátìrì alùpùpù ọkọ mi, mo fi tan rédíò, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: ‘Ìrọbí. Ẹ̀jẹ̀. Ọkọ̀.’ Tíṣà, kò sí wáyà kankan láti Koko dé Savalou! Afẹ́fẹ́ lásán ló gbé e.”

Afẹ́fẹ́ lásán. Èmi tí lẹ́tà mi máa ń lo oṣù kan lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ẹnu mi ò lè pa dé.

“Ọkọ̀ ilé ìwòsàn Savalou wá gbé obìnrin náà?” tíṣà bi í.

“Kíákíá. Dókítà ṣì ń bínú pé mi ò kí òun. Ṣùgbọ́n ìyá wà láàyè, Táyé wà láàyè, Kẹ́hìndé náà wà láàyè.”