Àwọn Aparíjà Inú Iná

Ẹ̀yin ará, ẹ má kí mi ní Halelúyà o. Ìran tí mo rí kì í ṣe ti ijó. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, lẹ́yìn àdúrà ààwẹ̀, oorun gbé mi lọ lórí ẹní, ọkùnrin aláṣọ funfun kan sì gbá mi lọ́wọ́ mú. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Dìde, ìwọ aparíjà."

Ó mú mi gba ibi tí àwọn olódodo ti ń sinmi. Mo rò pé màá rí àwọn ìyá ìjọ bíi tèmi. Rárá o! Àwọn tí à ń pè ní aláfojúdi láyé ni mo bá níbẹ̀, wọ́n jókòó, ara tù wọ́n.

A dé ibi iná. Mo rí àwọn òpùrọ́ àti àwọn alágbèrè, mo ń mi orí pé ó tọ́ sí wọn. Ó fà mí kọjá. Mo wo ìsàlẹ̀, yéè! àwọn àgbààgbà ni, wọ́n kúnlẹ̀ lórí ẹyin iná, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, orúnkún wọn ti lẹ̀ mọ́ ọn, mo ń pariwo, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi ò kúrò lójú kan!

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n mọ ẹni tó jàre, wọ́n ní kó bẹ̀bẹ̀."

Mo ní, "Torí kí àlàáfíà lè wà ni, olúwa mi."

"Àlàáfíà ta ni?"

Ìgbà yẹn ni mo rántí Bọ́lá, ọmọ ìjọ wa. Bàbá Akọrin ló sọ níwájú gbogbo wa pé oyún inú ẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ ẹ̀. Bọ́lá ní kí bàbá mú ẹlẹ́rìí wá. Kò sí. Kí la wá ṣe? A ní ọmọdé kì í fèsì fún àgbà. Èmi ni mo tẹ èjìká ẹ̀ títí ó fi kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Ọkọ ẹ̀ ní ẹni tó bẹ̀bẹ̀ ti jẹ́wọ́, ó sì lé e lọ sílé bàbá ẹ̀.

Bí mo ṣe ta jí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo sáré lọ. Mo ní, "Bọ́lá, o ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Ṣé ẹ ò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni?"



Bàbá Akọrin, ẹ má wolẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ ronú pìwà dà, gbogbo yín! Ẹ dìde ká lọ bá ọkọ ẹ̀ lónìí, ká sọ fún un pé irọ́ la fi dá ìyàwó ẹ̀ lẹ́bi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òun ò mọ̀. Èmi mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin náà mọ̀.